Ta Ni Yóò Kín Àbá Yìí Lẹ́yìn?

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Nítorí náà, ẹ má bá Adédiwúrà wí bó ṣe ń fi ojú ìfura wo ọkùnrin. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ wá fẹ́ ẹ, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tí ń gbé búrẹ́dì àti sàdínì wá sílé wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí bàbá ọmọge ṣe fi ọkùnrin náà ṣe alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tán, búrẹ́dì dá, sàdínì dá. Nígbà tí yóò fi di ìkórè, ó ti gbé ọmọbìnrin mìíràn níyàwó ní Gbàgádà, ó sì ń lu agogo ilé-ẹ̀kọ́ lójú Adédiwúrà láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Bàbá Adédiwúrà ni Díákónì Bartholomew, alága àwọn díákónì Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ẹ̀bùn Ayọ̀ ní Kétu. Ìyá Adédiwúrà ti kú nígbà tó ṣì kéré, Martha àbúrò bàbá rẹ̀ ló sì bá bàbá tọ́ ọ dàgbà. Nínú ìjọ náà, Díákónì ló ń pe ìpàdé, òun ló ń tú u ká. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò ka Bíbélì àti ẹni tí yóò gbàdúrà ìparí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn, ẹyọ kan ṣoṣo ni, okùn ṣòkòtò Díákónì ni wọ́n sì so ó mọ́. Bí bàbá kò bá tíì dé, abẹ́ igi máńgòrò ìta ni pásítọ̀ pàápàá á dúró sí. Kò sẹ́ni tó ń ráhùn, torí bàbá wà lára àwọn tó fi orí ru bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé náà.

Bí ọkùnrin kan bá wá wo Adédiwúrà lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, “Ṣé èmi ni eléyìí ń wò, àbí kọ́kọ́rọ́ ìdí bàbá mi?”

Ọdún kejì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ni Elkanah dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Onítẹ̀bọmi láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ títì Ìkòròdú ṣiṣẹ́, ó sì gba yàrá kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì mọ orin kíkà, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹ́ akọrin fi ní kó máa kọ́ àwọn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, òjò ń rọ̀. Ibà ti dá bàbá dùbúlẹ̀, ló bá tú kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn akọrin, kó jókòó tì wọ́n, kó sì tì í padà. Adédiwúrà bá wọn lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí adìẹ tí òjò pa. Agboòrùn kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn, ọwọ́ Elkanah ló wà, ìwé orin ìjọ ló sì fi bò. Òun alára ń jò ṣọ̀ọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ ọmọge náà nínú, kí a má parọ́.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Sístà, kí ló dé tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan péré la ní?”

Inú tó ti ń yọ́ bọ̀ bá dì padà. “Lọ́jọ́ àkọ́kọ́,” ló ń wí fún ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé, “kọ́kọ́rọ́ ló bèèrè. Kò bèèrè orúkọ mi.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Elkanah fi yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòsì, níbi tó ti ń ránṣọ. Ó gbé ṣòkòtò kan dání, ó ní ó ya. Adédiwúrà na ṣòkòtò náà sókè lójú fèrèsé.

“Bùrọ̀dá, aṣọ yìí ò ya. Ojú abẹ ni mò ń rí yìí. Ẹnì kan ló jókòó tú u.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo òkè. “Èmi ni mo tú u.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò mọ ohun tí mo tún lè gbé wá.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Adédiwúrà kó tó rí i dá dúró. Ó rán ṣòkòtò náà. Nígbà tó tún máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ṣẹ́ẹ̀tì ló gbé wá. Ká tó wí, ká tó fọ̀, Elkanah ti ń dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́ kó lè sìn ín láti Ìkòsì dé Kétu, wọn á máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà tó ń já ata àti àlùbọ́sà, ìfẹ́ á máa gùn wọ́n. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu Adédiwúrà. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà á.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó sùn. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn láti máa bèèrè ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀.

“Ọdún mélòó ni Bàbá ti wà lórí àga yẹn?” ló bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Mẹ́sàn-án.”

“Wọn ò sì sinmi rí? Ìlànà ìjọ wa sọ pé bí díákónì bá sìn fún ọdún mẹ́ta, kó sinmi ọdún kan, kí ìjọ tó tún un yàn. Bó ṣe wà nílé lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn.”

“Gbogbo ìgbà tí ọdún bá pé, àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí wọ́n fi Bàbá sílẹ̀.”

“Ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́?”

Adédiwúrà mú ẹsẹ̀ yá. Àǹtí Martha ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń rán an.

Àǹtí Martha yìí náà ló ṣe alárinà wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú Díákónì sì dùn. “Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Onítẹ̀bọmi ìdílé? Kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde.” Adédiwúrà sunkún ayọ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àfi bí Elkanah ṣe dìde nínú ìpàdé ìjọ olóṣù mẹ́ta, ṣáájú Àjíǹde, tó kí gbogbo àgbà, tó wá bèèrè níwájú gbogbo ayé ìgbà tí ọdún ìsinmi Bàbá Alága yóò bọ́ sí. Pásítọ̀ Ọláìyá, onísùúrù èèyàn, ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé tó ń bọ̀.

Nílé, bàbá ò jẹun. “Mo ti sọ ọ́,” ló ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ rí. “Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Diwúrà, àkàbà ni ọmọkùnrin yẹn fi ọ́ ṣe. Àga mi ló ń gùn bọ̀.”

“Bàbá, ó ní òun kàn bèèrè ni.”

“Ẹni tó fẹ́ ọ ṣáájú, kí ni òun náà ń wá?”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, Díákónì rán Martha sí Elkanah. Iṣẹ́ náà kò gùn: kó dìde nípàdé tó ń bọ̀, kó sọ pé òun ti kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó má dé ojúlé òun mọ́.

Martha padà dé, ó tú gèlè rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. “Ó ní òun á rò ó. Diwúrà, bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.”

Adédiwúrà jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Bí Elkanah bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, a jẹ́ pé ọkùnrin tí wọ́n lè fi ìyàwó rà ni. Bó bá sì kọ̀, a jẹ́ pé àga ló ń wá látọjọ́ yìí, òun kọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣókùnkùn.

Bó ṣe wà nínú èyí ni Modinat dé láti wọn bùbá rẹ̀ wò. Ọjà Kétu ni Modinat ti ń ta àlùbọ́sà, inú ilé tí Elkanah gba yàrá sí ní Alápẹ̀rẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ń wọn aṣọ fún un.

“Sístà, ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ń ṣèpàdé o. Gbogbo Àlàmísì. Wọ́n á kún inú yàrá yẹn fọ́fọ́, wọ́n á ti wíńdò pa.”

Abẹ́rẹ́ gún Adédiwúrà lọ́wọ́. “Àwọn wo?”

“Mo dá àwọn kan mọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì yín náà ni. Wọ́n á máa kọrin díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún kọ. Orin yẹn, èmi ò kà á sí orin. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi bò.”

“Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ?”

“Tí mo bá gbọ́, ṣé mi ò ní sọ ni?”

Nígbà tí Elkanah dé ní ìrọ̀lẹ́, Adédiwúrà ò bá a rìn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ká apá mọ́ àyà.

“Kí lẹ máa ń ṣe nínú yàrá yín lọ́jọ́bọ̀?”

Ojú Elkanah yí padà. “Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

“Diwúrà, kì í ṣe tèmi nìkan, mi ò bá sọ. Tí mo bá sọ fún ẹ, tí Bàbá wá bi ẹ́, ṣé o máa purọ́ fún wọn?”

“Mi ò ní purọ́ fún bàbá mi.”

“Ìdí tí mi ò fi lè sọ nìyẹn.”

“Ó dáa. Ṣé àga bàbá mi lẹ̀ ń wá?”

“Rárá o.”

“Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ mi náà sọ bẹ́ẹ̀.” Omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omi náà. “Ẹ máa lọ, Bùrọ̀dá. Ẹ má gbé aṣọ kankan wá mọ́.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́bọ̀ fún Martha. Ó mọ̀ pé etí bàbá ni yóò balẹ̀ sí, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ kò dùn, àfi bí ẹni tó ta ọjà àdánù.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n ṣe ìsìn tán, àwọn àlejò jáde, àwọn ọmọ ìjọ ló kù. Ẹni tí wọ́n bá ti tẹ̀ bọmi nínú ìjọ náà, ì báà jẹ́ àgbà tàbí ọmọge, ẹnu rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn rí. Ṣùgbọ́n àbá tí ẹnì kan bá dá, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kín in lẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹni tó kín in, àbá náà kú sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ fún ọdún kan gbáko. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbọ́n kì í fi í dá àbá láìjẹ́ pé ó ti bá èèyàn mẹ́ta mẹ́rin sọ ọ́ nílé.

Elkanah dìde. Ó ti rù. Kò wo ọ̀dọ̀ Adédiwúrà rárá.

“Pásítọ̀, ẹ̀yin àgbà, wọ́n ní kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, wọ́n sì sọ ohun tí màá pàdánù bí mi ò bá kó o jẹ. Mo gbà láti pàdánù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e. Mo dá a lábàá pé kí Bàbá Díákónì Bartholomew sinmi fún ọdún kan bí ìlànà wa ti wí. Wọn ò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í dìde lórí àga, kò sẹ́ni tó lè bi í ní ìbéèrè. Tí wọ́n bá sì fi àga náà lọ èmi, mi ò ní jókòó lé e.”

Díákónì fò dìde. “Irọ́! Ẹ bi í nípa ọjọ́bọ̀! Ẹ bi í àwọn tó ń kó jọ sí yàrá ní Alápẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ti fèrèsé dìtẹ̀ sí mi!”

Ariwo sọ. Pásítọ̀ lu tábìlì. Gbogbo ojú yí sí Elkanah, ti Adédiwúrà náà yí.

“Orin ìkórè tí a kọ, Bàbá, èyí tí ẹ ní ó dùn mọ́ yín,” ni Elkanah wí jẹ́ẹ́, “níbo lẹ rò pé a ti kọ́ ọ? Gbogbo ọjọ́bọ̀ lẹ̀ ń lọ sí ìpàdé ní Ìbàdàn, kọ́kọ́rọ́ sì wà nídìí yín. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọrin níbòmíràn lẹ́yìn yín. Mo ti fèrèsé torí àwọn ará ilé tó ń kírun. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé àwọn akọrin torí mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n tún gbé e mì. Adédiwúrà rántí orin náà. Ó ti sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Orin gidi ni Modinat gbọ́, torí wọ́n ń kọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń dákẹ́ tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀.

Pásítọ̀ nu ojú rẹ̀. “A ti gbọ́. Ta ni yóò kín àbá yìí lẹ́yìn?”

Kò sẹ́ni tó mira. Díákónì wo orí ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ibi tí ojú rẹ̀ bá dé, orí á tẹ̀. Àwọn akọrin ń wo bàtà wọn.

“Mo tún bèèrè. Ta ni yóò kín àbá yìí lẹ́yìn?”

Elkanah ṣì dá dúró, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ó yíjú wò yíká bí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti bá ẹnì kan sọ ọ́. Ìgbà náà ni ojú Adédiwúrà là. Àwọn tó kún yàrá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́bọ̀ ló jókòó yìí, kò sì bẹ ọ̀kan nínú wọn! Ta ló ń dìtẹ̀ tí kì í kó èèyàn dání? Ta ló ń wá àga tí yóò sọ òun nù níwájú ìjọ lórí àbá tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá?

Ó wo bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ru bíríkì, tó tún jẹ́ bàbá àti ìyá fún òun. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

“Mo bèèrè fún ìgbà ìkẹyìn—”

Adédiwúrà na ọwọ́.

“Sístà,” ni Pásítọ̀ wí, “ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo kín in lẹ́yìn.”

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ àwọn akọrin ló kọ́kọ́ lọ sókè, tìtìjú tìtìjú, kí ti àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e, kó tó wá kárí. Ọwọ́ Àǹtí Martha dé ìdajì ọ̀nà, ó fi tún gèlè ṣe.

Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́kọ́rọ́ lára okùn ṣòkòtò rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n kókó náà ti pẹ́, ó ti le bí ekùrọ́, kò sì tú. Kò sẹ́ni tó tó sún mọ́ ọn. Adédiwúrà ló lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó fi èékánná tú u díẹ̀díẹ̀.

“Má gé e,” ni bàbá wí lábẹ́lẹ̀.

“Mi ò ní gé e, Bàbá.”

Bàbá gbé odindi oṣù kan láìbá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn náà ló ránṣẹ́ pe Elkanah, ó ní kó jókòó, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, sà.”

“Kí lo ń wá?”

“Adédiwúrà, sà.”

“Gbogbo ìjọ gbọ́ ohun tí o sọ. Ọjọ́ tí mo bá rí ìdí rẹ lórí àga yẹn, ọjọ́ yẹn ni màá wá mú ọmọ mi. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ.”

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Àtàndá, díákónì tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún, kò tètè dé, Díákónì Bartholomew sì dúró nínú agbádá dàmáàsìkì rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń làágùn. “Ṣé bí ẹ ṣe máa ń dúró nìyí?” ló bi Pásítọ̀. Pásítọ̀ ní, “Ọdún mẹ́sàn-án, sà.”

Ọdún kan ìsinmi rẹ̀ pé. Ìjọ tún jókòó láti yan díákónì. Oyún Adédiwúrà ti yọ nígbà náà. Àtàndá dìde, ó ní òun yan Bùrọ̀dá Elkanah, olóòótọ́ èèyàn, ìjọ sì hó yèè. Elkanah rọra dìde. Ó dákẹ́ pẹ́, ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ lójú ìyàwó rẹ̀. Ìfura àtijọ́ gbé orí. Níwájú, bàbá rẹ̀ ti yí ọrùn padà, ó tẹjú mọ́ àna rẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ni Elkanah wí. “Mo ti sọ pé mi ò ní jókòó lé e. Ẹni tí mo yàn ni Bàbá Díákónì Bartholomew. Wọ́n ti sinmi. Kí wọ́n tún sìn fún ọdún mẹ́ta péré.”

Pásítọ̀ ò tíì la ẹnu tán láti bèèrè ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn tí ọwọ́ Adédiwúrà fi ti wà lókè.

Ìjọ dìbò yan bàbá padà. Nígbà tí ìpàdé tú ká, ó pe Adédiwúrà sábẹ́ igi máńgòrò. Ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí, níbi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó ń wo Elkanah lókèèrè, níbi tó ti ń bá àwọn akọrin rẹ́rìn-ín.

“Diwúrà, kí ni ọkọ rẹ ń wá gan-an?”

Adédiwúrà gbé ọwọ́ lé ikùn, òun náà wo ọkọ rẹ̀ títí.

“Èmi náà ń ṣọ́ ọ, Bàbá.”